Ibi Tí Wọ́n Bá Rẹ́ Jù Lára Ògiri

Rọ́fíátù Àdùkẹ́, àkọ́bí mi,

Ìyá rẹ, Àbẹ̀kẹ́, kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá báyìí. O mọ̀ ọ́n, ìwọ lo pọn omi tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ, ẹ̀yìn àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló fara pamọ́ sí.

O mọ̀ pé mi ò mọ̀wé. Tíṣà tó ń gbé yàrá iwájú nílé wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé àwọn alákọ̀wé máa ń fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ẹni ṣe kó lè dán, nítorí náà mo ti sọ fún un pé bí mo bá parí, Ìyá Kẹ́hìndé aránṣọ ni màá pè kó wá kà á sí mi létí, kì í ṣe òun. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?" Mo ní, "Tíṣà, mo fọkàn tán yín. Ọwọ́ yín ni mi ò tíì mọ̀." Mo ní kó kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ lórí fóònù, ẹni tó dákẹ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ dùn ún àti ẹni tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ já, bákan náà ni wọ́n ń dún. Mo sì mọ ara mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti mọ́ mi lẹ́nu láti oṣù mẹ́rìnlá wá. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, òun náà ni màá tún sọ, màá sì fi bo èyí tó yẹ kí n sọ. Wàá rí ọ̀rọ̀ náà níwájú.

Nígbà tí o lọ sí Ìbàdàn lọ ṣiṣẹ́ rédíò, inú mi dùn. Gbogbo àdúgbò wa ní Ìgándò ni mo sọ fún pé ọmọ mi ló ń kọ ìpolówó, òun náà ló sì ń kà á. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, o fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. O ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ èyí tí mo kọ fún àwọn tó ń ta àgbo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀gá wa ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa gbà á sílẹ̀. Ẹ ṣàdúrà fún mi o." Lẹ́yìn náà ni o wá kà á:

"Oògùn àárọ̀, ó tó. Oògùn alẹ́, ó tó. Títò sórí ìlà ní ọsibítù, ó tó. Ìyá mi, ó tó. Bàbá mi, ó tó gẹ́ẹ́. Ìgò kan ṣoṣo, ó tó."

Ó dùn, mi ò ní purọ́. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo ní kí Tíṣà tún un tẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, orí mi ti ń mì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnu mi ti ń sọ "ó tó" kí ìwọ tó dé ibẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo ní kí Tíṣà pa á.

Tíṣà ò mọ ohun tó ń ṣe mí. Ó ní, "Bàbá, ọmọ yín gbọ́ṣẹ́ o. Àwítúnwí là ń pe èyí nínú ìwé. Ọ̀nà èdè ni. Ó ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀, ó ń mú un dùn létí, kì í jẹ́ kó tètè kúrò lọ́kàn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé."

Mo ní, "Ṣé ẹ kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń ṣọ́ra fún un?"

Ó họ orí. Ó ní, "Ìyẹn ò sí nínú sílábọ́ọ̀sì, Bàbá."

Ó dára. Èyí tí kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì ni èmi fẹ́ kọ́ ọ, Àdùkẹ́. Jókòó kí o tó kà á lọ.

Èkínní. Bí ẹnì kan bá ń pe ọ̀rọ̀ kan léraléra, tó sì ń fi ìparí rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ láti máa bá a sọ, ẹnu rẹ ló ń yá lọ. Bí ọ̀ràn bá dé, ẹnu rẹ ni wọn yóò ti bá ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, ìgboyà mi ju ọgbọ́n mi lọ. Àwa bíríkìlà bíi méjìlá là ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Agbaṣẹ́ṣe wá sọ lọ́jọ́ kan pé kí a má sọ̀ kalẹ̀ jẹun lọ́sàn-án mọ́, pé kí kálukú máa jẹun lórí àgà onípákó tó dúró lé lára ògiri, kó máa fi ọwọ́ kejì ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá. Múfútáù, tí ohùn rẹ̀ máa ń dún bí agogo, gun orí òkìtì yanrìn.

"Ta ló po sìmẹ́ńtì?"

"Àwa!"

"Ta ló ru búlọ́ọ̀kù?"

"Àwa!"

"Ta ló tò ó?"

"Àwa!"

"Ṣé a máa gbà?"

"A ò ní gbà!"

"Mi ò gbọ́ o! Ṣé a máa gbà?"

"A ò ní gbà!"

Mo pariwo títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Mo sọ irin ìrẹ́lé mi sínú igbó, irin tí ọ̀gá mi fún mi lọ́jọ́ tí mo parí iṣẹ́ kíkọ́, tí mo gba òmìnira. Mo lọ sílé. Ní ọjọ́ kẹta, mo gba ibẹ̀ kọjá. Kí ni mo rí? Múfútáù wà lókè, ó ń fi ọwọ́ òsì jẹ búrẹ́dì, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ́lé. Wọ́n ti fi jẹ fọ́máànù.

Mo ké sí i láti ìsàlẹ̀ pé, "Múfú, ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní a ò ní gbà?"

Ó gbé òkèlè búrẹ́dì rẹ̀ mì kó tó dá mi lóhùn. Ó ní, "Èmi kẹ̀? Làmídì, ìbéèrè ni mo béèrè. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò ní gbà."

Mo dúró níbẹ̀, mo rò ó sọ́tùn-ún, mo rò ó sósì. Òótọ́ ló sọ. Kò sí ìgbà kan tí "a ò ní gbà" jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo ń yọ́ sí ìyá rẹ, tó ń ta òwú, bọ́tìnnì àti sípù fún àwọn aránṣọ ní Ìkọ̀tún. Mo lọ rojọ́ fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó bi mí pé, "Kí lẹ ò ní gbà gan-an?" "A ò ní gbà" ṣì ń dún lágbárí mi, ṣùgbọ́n mo ní láti ronú kí n tó rántí pé oúnjẹ ọ̀sán ló fa gbogbo rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pariwo tó bẹ́ẹ̀!"

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ẹni tó gun pèpéle, ì báà jẹ́ olóṣèlú, ì báà jẹ́ oníwàásù, tó ní kí a máa bá òun dáhùn, mo máa ń pa ẹnu mi dé ná. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dára, yóò dára láìsí ẹnu mi níbẹ̀. Wo ìpolówó rẹ wàyí. Obìnrin arúgbó tó jókòó sílé ní Ẹ̀gbẹ́dá yóò bá ọ dá "ó tó" títí yóò fi rò pé òun fúnra òun lòun pinnu pé ó tó. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè lọ́la, ìwọ náà lè sọ ohun tí Múfútáù sọ. Ṣùgbọ́n ṣé o fẹ́ jẹ́ Múfútáù?

Ẹ̀kejì, ìyá rẹ ló ni ín, kì í ṣe èmi. Ó ní kí a yọ ègbè kúrò nínú ọ̀rọ̀, kí a wo ohun tó kù.

Bí mo ṣe ń yọ́ sí i lọ, mo lọ bá a ní ọjọ́ kan, mo ní mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kejì, mo tún lọ sọ ọ́. Ọjọ́ kẹta, mo tún dé. Ó ń wọn òwú fún oníbàárà, kò gbé orí sókè. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Làmídì, ẹ sọ ìyẹn lánàá. Ẹ sọ ọ́ níjẹta. Ẹ yọ 'mo nífẹ̀ẹ́ rẹ' kúrò níbẹ̀, kí n gbọ́ èyí tó kù."

Oníbàárà náà ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Mo wá ní, "Èmi ni mo ń bọ́ ìyá mi. Mo máa ń tètè bínú. Mo ti ra igba búlọ́ọ̀kù, mo tò wọ́n sẹ́yìn ilé ọ̀rẹ́ mi kan. Ilẹ̀ tí mo máa fi wọ́n kọ́lé sí ni mi ò tíì ní."

Rọ́fíátù, ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí òwú fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n! Ẹ wá jókòó jàre." Bí mo ṣe fẹ́ ìyá rẹ nìyẹn. Búlọ́ọ̀kù wọ̀nyẹn ni mo fi kọ́ ògiri ẹ̀yìn yàrá tí wọ́n bí ọ sí.

Mo fi ọgbọ́n rẹ̀ wọn ìpolówó rẹ. Mo ní kí Tíṣà yọ gbogbo "ó tó" kúrò, kó ka èyí tó kù fún mi. Oògùn àárọ̀. Oògùn alẹ́. Ìlà ọsibítù. Ìyá mi. Bàbá mi. Ìgò kan ṣoṣo. Ó tán. Kí ló wà nínú ìgò náà? Kò sí níbẹ̀. Ta ni kò gbọdọ̀ mu ún? Kò sí níbẹ̀. Bí ara ẹni tó mu ún bá yí padà, ta ni kó sáré lọ bá? Kò sí níbẹ̀.

Tíṣà wúkọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin náà ti sọ 'kò sí níbẹ̀' lẹ́ẹ̀mẹta."

Mo ní, "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ìbéèrè mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀."

Ó kọ ọ́. Inú rẹ̀ dùn sí i, mo rí i lójú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta. Má rò pé bàbá rẹ ti di arúgbó tó kórìíra gbogbo ọ̀rọ̀ tí a bá sọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò mọ̀ ju "wọ̀n ọ́n, tún un wọ̀n" lọ, òun ni kò jẹ́ kí ilé kankan wó lé mi lórí. Ladani ń pe ìpè kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sú mi rí. Nínú àlọ́, orin kan náà ni à ń gbè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n apàlọ́ ti kọ́kọ́ sọ fún wa pé àlọ́ lòun fẹ́ pa. Ìyá rẹ pàápàá, ṣé ìgbà tó ń kì ọ́ láàárọ̀ lo ti gbàgbé? "Àdùkẹ́, Àdùkẹ́" ni yóò máa wí, ṣùgbọ́n bó bá ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ohun tuntun ni yóò tẹ̀ lé e: ọmọ ta ni ọ́, ará ibo ni bàbá rẹ, ọjọ́ wo lo kọ́kọ́ dá ẹsẹ̀ méjèèjì dúró. Bó bá fi máa ṣe tán, o ti mọ ohun tí o kò mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Mo ti rò ó dáadáa, mi ò ní nǹkan mìíràn tí mò ń rò níbí yìí láti ọjọ́ tí ilé ti dá páropáro. Àtúnsọ kan wà tó ń jí èèyàn, òmíràn sì wà tó ń rẹ èèyàn sùn. Ohun tí mo fi ń dá wọn mọ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ jí ọ máa ń dákẹ́ bó bá pè ọ́ tán. Ladani yóò pè, yóò dákẹ́, ẹsẹ̀ ara mi ni màá fi rìn dé mọ́ṣáláṣí. Ẹni tó fẹ́ rẹ̀ ọ́ sùn kì í dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá dákẹ́, wàá lajú.

Èyí tó kàn, mi ò mọ iye rẹ̀ mọ́. Tíṣà ní ẹ̀kẹrin ni.

Mo rẹ́lé kan ní Ayọ̀bọ̀ nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko. Ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀, ògiri sì sán lábẹ́ fèrèsé kan. Fọ́máànù ní kí n rẹ́ ẹ bò. Mo rẹ́ ẹ. Nígbà tó gbẹ, ó tún hàn. Mo tún un rẹ́. Ó tún hàn. Mo po sìmẹ́ńtì tó le, mo rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kẹta, mo fi irin dán an títí ó fi ń kọ mànà. Oníilé dé, obìnrin àgbàlagbà kan tí kò mọ nǹkan kan nípa ilé kíkọ́. Ó rìn yíká ilé náà. Nígbà tó dé abẹ́ fèrèsé náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ibẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní, "Ọmọ mi, kí ló dé tí ibí fi dán ju gbogbo ibi tó kù lọ?"

Mo jẹ́wọ́ fún un. Wọ́n wó ògiri náà, wọ́n tún ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣe.

Ibi tí wọ́n bá rẹ́ jù lára ògiri, ibẹ̀ ló ti sán. Bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀, fetí sí ibi tó ti ń tún un sọ jù. Má jẹ́ kó dùn mọ́ ọ. Fi àtẹ́lẹwọ́ pa á.

Àdùkẹ́, mo ti dé ibi tí mò ń bọ̀.

Láti oṣù mẹ́rìnlá, ọ̀rọ̀ wo lẹ̀yin ọmọ mi ti gbọ́ jù lẹ́nu mi? "Àmúwá Ọlọ́run ni." Mo sọ ọ́ níbi ìsìnkú. Mo sọ ọ́ níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ, ààfáà gbà á lẹ́nu mi, gbogbo ilé sì ń dáhùn. Mo sọ ọ́ fún Gàníyù àbúrò rẹ. Mo sọ ọ́ fún Sàlámọ́tù tó ń sunkún. Ní gbogbo ìgbà tí ìwọ bá pè mí láti Ìbàdàn, òun ni mo fi ń dá ọ lóhùn. Kí ló dé tí ibẹ̀ fi dán tó bẹ́ẹ̀? Ó yẹ kí ẹnì kan nínú yín ti bi mí.

O mọ̀ pé ìyá rẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru. O mọ oògùn tí ọsibítù fún un, hóró funfun kan àti hóró yẹ́lò kékeré kan, àràárọ̀, fún ọdún mẹ́fà. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé kò lò ó mọ́ nígbà tí ó kú.

Ọkùnrin kan ń ta àgbo nínú ọkọ̀ ní ìyànà Ìkọ̀tún, ó so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ orí ọkọ̀ náà. Mo gba ibẹ̀ kọjá. Ó ní, "Oògùn àárọ̀, ṣé kò rẹ̀ ọ́? Gbé e sílẹ̀. Oògùn ọdún dé ọdún, ṣé kò rẹ̀ ọ́? Gbé e sílẹ̀. Ìyá mi, gbé e sílẹ̀. Bàbá mi, gbé e sílẹ̀." Ọjọ́ kejì, mo mọ̀ọ́mọ̀ gba ibẹ̀ ni. Ọjọ́ kẹta, èmi ni mò ń parí rẹ̀ fún un. Èmi tí Múfútáù ti kọ́ lọ́gbọ́n! Mo ra ìgò méjì.

Nígbà tí mo délé, ìyá rẹ yí ìgò náà wò. Ó ní, "Kí ló wà nínú ẹ̀?" Ìbéèrè tó bi mí nígbà tí a kò tíì fẹ́ra náà ló tún bi mí, kí ló kù bí a bá yọ ariwo kúrò. Mi ò mọ̀ ọ́n. Dípò kí n sọ pé mi ò mọ̀, mo fi orin ọkùnrin yẹn dá a lóhùn. Bó bá ti nawọ́ sí ọ̀rá oògùn rẹ̀ láàárọ̀, màá yí ohùn padà bíi ti ọlọ́kọ̀ náà: "Ìyá mi, gbé e sílẹ̀!" Yóò rẹ́rìn-ín, yóò gbé e sílẹ̀. Ó di eré láàrin àwa méjèèjì. Àràárọ̀ là ń ṣe é, a sì ń rẹ́rìn-ín.

Tíṣà ti dáwọ́ dúró. Ó ń wo ilẹ̀. Tíṣà, ẹ máa kọ ọ́ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó jókòó síwájú ilé, ó ń ṣa sípù ní àwọ̀ àwọ̀. Ó ní, "Bàbá Rọ́fí, ẹsẹ̀ mi ń wú. Ó jọ pé kí n padà sí ti ọsibítù." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Mo ní, "Gbé e sílẹ̀ jàre." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń ṣa sípù rẹ̀ lọ.

Mo sọ nínú ọkàn mi pé bí ó bá ṣe pàtàkì, yóò tún un sọ.

Kò tún un sọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ fi rọ, ẹnu rẹ̀ sì wọ́. Ó lo ọjọ́ méjì ní ọsibítù. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó kú.

Ẹ̀karùn-ún nìyẹn, òun ni mo sì tìtorí rẹ̀ kọ lẹ́tà. Fetí sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ fún ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá rin ìrìn ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Mo ń pa òwe yìí láti kékeré, mi ò mọ̀ pé èmi ló ń bá wí. Irọ́ ló ń lọ tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà fún ogún ọdún, kí ojú èèyàn lè mọ́ ọn. Òtítọ́ jókòó síwájú ilé mi lọ́jọ́ kan, ó ń ṣa sípù, ó sọ gbólóhùn méjì. Ẹni tí nǹkan ń dùn kì í gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ló ra ìgò.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ. Mo mọ̀ pé o wá a pẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀gá rẹ ń yìn ọ́, pé bí o bá kọ̀, ẹlòmíràn wà tí yóò kà á. Mi ò ní sọ fún ọ pé kí o gbé e sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ti pa ẹnì kan nílé mi, kò tún ní jáde lẹ́nu mi sí ọmọ kankan. Ẹ̀bùn ni ohùn rẹ, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ lo ti jogún ẹ̀. Bí o bá tún ọ̀rọ̀ kan sọ, etí á dúró. Ohun tí mo ń bi ọ́ ni pé bí etí bá ti dúró tán, kí lo ní tí o fẹ́ fi síbẹ̀?

Tíṣà ń bọ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti wo ọmọ rẹ̀. Òun ni yóò fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́. Ọ̀rá kan wà pẹ̀lú rẹ̀. Káàdì ọsibítù ìyá rẹ ló wà nínú rẹ̀, àti hóró oògùn tó kù, funfun àti yẹ́lò, bó ṣe gbé wọn sílẹ̀ gan-an. Abẹ́ àpótí sípù rẹ̀ ni mo ti rí wọn, kò dà wọ́n nù. Ní Ọjọ́bọ̀, kí o tó ka ìpolówó yẹn, gbé ọ̀rá náà sórí tábìlì níwájú rẹ. Lẹ́yìn náà, ṣe bí o bá ṣe fẹ́.

Gàníyù ò mọ̀. Sàlámọ́tù ò mọ̀. Tíṣà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ yìí, ìwọ sì ni ẹnì kejì. Bóyá kí àwọn àbúrò rẹ gbọ́, bóyá kí wọ́n má gbọ́, bóyá kí ẹ tilẹ̀ má wá kí mi mọ́, mi ò ní dá a. Ẹni tó mú kí ògiri sán kọ́ ni wọ́n ń bi bí wọn yóò ṣe tún un ṣe. Ìwọ ni àkọ́bí.

Mo ti ní Ìyá Kẹ́hìndé ni yóò ka lẹ́tà yìí sí mi létí. Mo ti yí i padà. Tíṣà ló kọ ọ́, Tíṣà náà ni yóò kà á. Ó béèrè bóyá kí òun tún kókó rẹ̀ kọ sí ìsàlẹ̀, kí ó lè wọ̀ ọ́ lọ́kàn dáadáa. Mo ní rárá. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ìyá rẹ sọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èmi náà ti sọ tèmi.

Ó dọwọ́ rẹ, Àdùkẹ́.

Làmídì, bàbá rẹ.